Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà mi fi sọ pé 2^67 − 1 ṣeé pín sí méjì?

Akẹ́kọ̀ọ́-Nọ́ńbà béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti rú mi lójú láti bí ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, nítorí n kò fẹ́ dá ẹ̀rọ lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo ṣi nǹkan ṣe.

Mo ń kàwé nípa àwọn nọ́ńbà tí a máa ń rí nígbà tí a bá fi 2 lọ́po ara rẹ̀ léraléra, tí a wá yọ 1 kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1644, Marin Mersenne ka 2^67 − 1 mọ́ àwọn tí kò ní olùpín kankan yàtọ̀ sí 1 àti ara wọn. Ní ọdún 1876, Édouard Lucas fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí àwọn olùpín náà fúnra wọn. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole tó gbé wọn jáde: 193707721 àti 761838257287. Mo ní kí n fi ojú ara mi rí i, torí ohun tí àwọn ìgbàanì fi ọwọ́ ṣe, kò yẹ kó ni kọ̀ǹpútà lára.

Mo ti kọ ètò kékeré kan ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tẹ́lẹ̀, tó máa ń gba nọ́ńbà méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, tó sì máa ń sọ iye tó ṣẹ́kù bí a bá fi ìkejì pín èkíní. Mo fún un ní iṣẹ́ yìí. Ohun tó tẹ̀ jáde fún 2^67 − 1 ni 147573952589676412928. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo díjíìtì tó gbẹ̀yìn, 8 ni. Bí a bá yọ 1 kúrò lára nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, èyí tó kù kò lè ṣeé pín sí méjì mọ́ láéláé. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ èyí. Síbẹ̀, nígbà tí mo ní kí ó fi 2 pín in, ó ní kò sí àṣẹ́kù. Nígbà tí mo sì ní kí ó fi 193707721 tí Cole rí pín in, ó ní 1 ló ṣẹ́kù.

Mo rò pé bóyá díjíìtì tí mo ní kó tẹ̀ jáde ni kò tó, ni mo bá ní kó tẹ 50 jáde lẹ́yìn pọ́ìntì. Òdo ni gbogbo wọn, nọ́ńbà tó wà níwájú kò sì yí padà. Mo tún ní kó sọ ọ́ di odidi nọ́ńbà pẹ̀lú int() kó tó pín in, bákan náà ló rí.

Ìbéèrè mi pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní, níbo ni 1 tí mo yọ gbà lọ? Èkejì, bí ọ̀nà bá wà tí kọ̀ǹpútà lè gbà ṣírò kí ó má lé, kí ó má dín, kí ló dé tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ètò ìṣirò ṣe ń ṣe é nígbà gbogbo?

---

Atún-ètò-ṣe dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfọkànsí. Cole kò ṣìṣe. Kọ̀ǹpútà yín náà kò ṣìṣe lórí nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kì í ṣe 2^67 − 1. Láìtíì rí ètò yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ti kọ float(), tàbí tí ẹ ti kọ 2.0 dípò 2.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí irú nọ́ńbà tí a ń pè ní floating-point, tàbí float ní kúkúrú, ṣe ń gbé inú ẹ̀rọ. Ìlànà IEEE 754, tó jáde ní ọdún 1985, tí William Kahan sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀, ló là á sílẹ̀. Bíìtì 64, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, ni a fún irú èyí tó wọ́pọ̀ jù: ẹyọ kan ń sọ bóyá nọ́ńbà náà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, 11 ń sọ ibi tí pọ́ìntì wà, 52 yòókù sì ni ti àwọn díjíìtì gan-an. Bíìtì kan tún wà níwájú tí a kì í kọ sílẹ̀ nítorí pé a ti mọ̀ pé 1 ni, nítorí náà bíìtì 53 ni a ní fún iṣẹ́. Ìwọ̀n yìí kì í yí padà, yálà nọ́ńbà náà kéré tàbí ó tóbi bí òkè.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé láti òdo títí dé 2^53, ìyẹn 9007199254740992, gbogbo odidi nọ́ńbà ló ní ìjókòó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n 9007199254740993 kò ní. Láti ibẹ̀ lọ, méjìméjì ni àwọn ìjókòó fi ń jìnnà síra. Lẹ́yìn 2^54 ó di mẹ́rinmẹ́rin, lẹ́yìn 2^55 ó di mẹ́jọmẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo yóò sì máa fẹ̀ sí i. Láàárín 2^66 àti 2^67, àlàfo láti ìjókòó kan sí èkejì ti di 16384. Wàyí o, ẹ wo nọ́ńbà tiyín. Ìjókòó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni 147573952589676396544, èyí tó wà lókè rẹ̀ ni 147573952589676412928, tí í ṣe 2^67 fúnra rẹ̀. Ẹyọ kan péré ló fi jìnnà sí tòkè, ó sì fi 16383 jìnnà sí tìsàlẹ̀. Ìlànà ní kí a gbé e lọ sí èyí tó sún mọ́ ọn jù, ni wọ́n bá gbé e lọ sórí 2^67. Ibẹ̀ ni 1 yín gbé sọnù.

Àṣẹ́kù tí ẹ rí gan-an ló jẹ́rìí sí i. Bí 193707721 bá pín 2^67 − 1 láìṣẹ́kù, a jẹ́ pé 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nígbà tó bá pín 2^67. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni kọ̀ǹpútà fún yín, sí ìbéèrè tí ẹ kò bi í.

Ìdí nìyí tí díjíìtì 50 kò fi ràn yín lọ́wọ́, tí int() náà kò sì lè ṣe ohunkóhun. Àwọn méjèèjì dé lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Títẹ díjíìtì púpọ̀ jáde wulẹ̀ ń fi ohun tó wà nínú àpótí hàn yín yékéyéké ni, kì í mú ohun tó ti jábọ́ kí ó tó dé inú àpótí padà wá. Ẹyin tó ti balẹ̀ ni. Kò sí bí a ṣe lè ká a nílẹ̀ kó tún di odidi.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: n = 2**67 - 1, láìsí pọ́ìntì níbikíbi (** ni Python ń lò dípò ^). Odidi nọ́ńbà ni Python yóò kà á sí, odidi nọ́ńbà ní Python kò sì ní ìwọ̀n kan pàtó. Ó máa ń gba àyè bí ó bá ṣe tóbi tó. Nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, àpótí kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 30 ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nọ́ńbà yín yìí yóò sì gba mẹ́ta. Bí ẹ bá wá béèrè àṣẹ́kù, ìyẹn n % 193707721, òdo ni yóò fún yín, ìpín olódidi, ìyẹn n // 193707721, yóò sì fún yín ní 761838257287 tí Cole kọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ibi tí float máa ń gbà yọ́ wọlé láìkanlẹ̀kùn. Pọ́ìntì kan ṣoṣo ti tó. Lẹ́tà e náà ti tó: bí ẹ bá kọ int(1e23), ohun tí ẹ óò rí ni 99999999999999991611392, nígbà tí 10**23 yóò fún yín ní 1 pẹ̀lú òdo 23. Àmì ìpín tó jẹ́ ẹyọ kan, ìyẹn /, máa ń sọ odidi nọ́ńbà méjì di float kódà nígbà tí kò bá sí àṣẹ́kù, nítorí náà // ni kí ẹ lò. Gbòǹgbò onílọ́po méjì ló ti tan èmi fúnra mi jẹ rí, ó sì gba odidi ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi kí n tó rí i: mo fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà kan jẹ́ ìlọ́po ara nọ́ńbà mìíràn, mo lo math.sqrt, gbogbo àyẹ̀wò kéékèèké sì ń lọ geere. Ẹ fún un ní 9007199254740993**2 kí ẹ wò ó; 9007199254740992 ni yóò pè é. math.isqrt, tó bá Python 3.8 dé, kì í kúrò lára odidi nọ́ńbà rárá, òun sì ni yóò sọ òótọ́ fún yín.

---

Olùkọ́-Áljébrà dáhùn pé:

Àlàyé tó yanrantí ni ẹni tó ṣáájú mi ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún un, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbà gbọ́ pé bí wọ́n bá ṣe ìṣirò kan ní ìwọ̀n díjíìtì méjì tó yàtọ̀ síra, tí èsì méjèèjì sì bá ara mu, èsì náà ti dájú nìyẹn. Àyẹ̀wò yẹn kò tó.

Ní ọdún 1988, Siegfried Rump gbé àpẹẹrẹ kan jáde tí mo máa ń kọ sójú pátákó fún gbogbo kíláàsì tí mo bá kọ́. Òun nìyí:

f(a, b) = 333.75b^6 + a^2(11a^2b^2 − b^6 − 121b^4 − 2) + 5.5b^8 + a/(2b)

Ẹ fi 77617 sí ipò a, kí ẹ fi 33096 sí ipò b. Rump ṣe é lórí kọ̀ǹpútà ńlá IBM S/370 ní ìwọ̀n mẹ́ta: ti kúkúrú, ti ìlọ́po rẹ̀, àti ti èyí tó gùn jù lọ lórí ẹ̀rọ náà. Ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.172603, bí díjíìtì sì ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń fọwọ́ sí ohun kan náà. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ṣùgbọ́n èsì tòótọ́ ni −0.827396. Kì í ṣe díjíìtì tó kẹ́yìn ló ṣìnà, àmì iwájú pàápàá kò tọ̀nà.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rìn wọ inú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ṣírò a^2, ẹ óò rí 6024398689. Bí ẹ bá ṣírò b^2, 1095345216 ni. Ẹ fi 5.5 lọ́po èyí tó kẹ́yìn yìí, 6024398688 ni yóò jáde. Ìyẹn ni pé a^2 jẹ́ 5.5b^2 + 1 gẹ́lẹ́. Rump mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn nọ́ńbà náà bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá wá fi èyí rọ́pò a^2 nínú ìlà òkè yẹn, tí ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ẹ óò rí i pé àwọn ẹyọ ńlá ńlá yóò pa ara wọn rẹ́ pátápátá, −2 nìkan ni yóò ṣẹ́kù, pẹ̀lú a/(2b) tó wà ní ìparí. Èsì gbogbo rẹ̀ jẹ́ 77617/66192 − 2, ìyẹn −54767/66192.

Kí ni kọ̀ǹpútà rí? Ìdajì kan tóbi tó 7917111340668961361101134701524942848, ìdajì kejì sì jẹ́ 7917111340668961361101134701524942850 nísàlẹ̀ òdo. Díjíìtì 37 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, díjíìtì méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sì fi yàtọ̀ síra. Ẹ̀rọ tí kò lè di ju díjíìtì 16 tàbí nǹkan bí 30 mú kò lè rí ìyàtọ̀ náà. Lójú tirẹ̀, méjèèjì dọ́gba, ó sọ wọ́n di òdo, ó sì fi a/(2b) nìkan jíṣẹ́: 1.172603. Gbogbo ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara mu nítorí pé ohun kan náà ni gbogbo wọn pàdánù. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní tó ń tẹ̀ lé IEEE 754, ohun tí ẹ óò rí wà lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe to ìlà náà; ó lè jẹ́ èyí, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà ńlá kan tí kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí ẹ bá kọ ọ́ ní ìdá, tí 333.75 di 1335/4, tí 5.5 sì di 11/2, ètò èyíkéyìí tó ń ṣírò láìlé láìdín yóò fún yín ní −54767/66192 kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀kan. Maple, Mathematica, Maxima, PARI/GP, SageMath, gbogbo wọn ló ń ṣe é, Python náà sì ní Fraction. Fún ìdí èyí ni mo fi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n máa fi ìdá àti odidi nọ́ńbà ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi èsì han ènìyàn ni wọn yóò tó sọ ọ́ di nọ́ńbà olópọ́ìntì. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ó ti le jù. Èmi ò tíì rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ yí i padà.

---

Awọn-àlàfo dáhùn pé:

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àlàyé tí ẹ ṣe lórí iṣẹ́ Rump sì wà lára èyí tó yé mi jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ̀ràn tí ẹ fi kádìí rẹ̀ ni n kò lè gbà tán, nítorí apá kejì ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́-Nọ́ńbà ṣì wà níbẹ̀: bí ọ̀nà gẹ́lẹ́ bá wà, kí ló dé tí a kò fi ń lò ó fún gbogbo nǹkan?

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlànà kékeré kan. A ó mú x, a ó sọ ọ́ di 4x(1 − x), a ó tún mú èyí tó bá jáde, a ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, léraléra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1/3. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fún wa ní 8/9. Èkejì fún wa ní 32/81. Ẹ̀kẹta jẹ́ 6272/6561. Ẹ wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀: 3, 9, 81, 6561. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lọ́po ara rẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè fi dín in kù, nítorí nọ́ńbà òkè kì í ṣeé pín sí mẹ́ta. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iye díjíìtì ń di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbésẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi dé ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yóò ti ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 512 díjíìtì. Ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n péré! Ẹ̀rọ tí ẹ ń lò kò ní tíì dé ogójì tí ìrántí rẹ̀ yóò fi kún dẹ́nu. Nǹkan tó sì jáde níkẹyìn jẹ́ ìdá kan tó wà láàárín 0 àti 1, tí díjíìtì mẹ́wàá rẹ̀ àkọ́kọ́ bóyá ti tó fún ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Float lásán náà kò ní gbà yín níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má ba tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nínú ìlànà yẹn, àṣìṣe máa ń tó ìlọ́po méjì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé bíìtì kan ń ṣòfò nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní bíìtì 53 yóò ti ná gbogbo rẹ̀ tán ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ 50, ohun tó bá ń rí lẹ́yìn ìyẹn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú 1/3 tó fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìṣirò yẹn gan-an ń sọ fún wa: bí ó bá jẹ́ bíìtì kan là ń ná ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíìtì 100 ti tó láti dé ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n, nǹkan bí 70 yóò sì ṣì kù lọ́wọ́ wa. Ẹ fi bíìtì 100 wé mílíọ̀nù 512 díjíìtì. Irú àwọn iṣẹ́ báyìí ni MPFR, àkójọ ètò ìṣirò kan, wà fún, tó jẹ́ pé ẹni tó ń lò ó ló máa sọ iye bíìtì tó fẹ́.

Olùkọ́ lè wá bi mí pé, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé 100 ló tó, kì í ṣe 1000? Ìbéèrè tó yẹ kó jẹ wá lógún nìyẹn, nítorí ohun kan náà ló dé bá iṣẹ́ Rump. Díjíìtì 40 tó fún un, 30 kò tó, kò sì sí bí ẹni tó ń wo ìlà náà láti òkèèrè ṣe lè mọ̀. Ìdáhùn tí èmi gbàgbọ́ nínú rẹ̀ ni kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa gbé ìwọ̀n àìdájú tirẹ̀ rìn. Dípò kí ẹ̀rọ sọ pé x jẹ́ báyìí, ó ń sọ pé x wà láàárín ibí àti ibẹ̀, gbogbo ìròpọ̀ àti ìlọ́po tó bá sì ṣe ni yóò mú àlàfo náà fẹ̀ bó ṣe yẹ. Arb, tí Fredrik Johansson kọ, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní ìlà Rump pẹ̀lú díjíìtì tí kò tó, kò ní fún yín ní 1.172603 pẹ̀lú ojú tó dá ṣáká. Àlàfo gbọ̀ngbọ̀nràn kan ni yóò gbé síwájú yín, tí ẹ óò fi mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ó fi bíìtì kún un, ẹ ó tún béèrè, títí àlàfo náà yóò fi kéré tó bí ẹ ṣe fẹ́.

Odidi nọ́ńbà ni mo gbà pẹ̀lú Olùkọ́ láìkù síbì kan. Bí ìdáhùn bá gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi nọ́ńbà, kò yẹ kí float dé ìtòsí rẹ̀. MATLAB, tó jẹ́ pé float ló fi ń ṣiṣẹ́ bí a kò bá sọ ohun mìíràn, máa ń fún matrix (nọ́ńbà tí a tò ní ìlà-ìlà) tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 1 2 3, 4 5 6, 7 8 9 ní determinant (nọ́ńbà kan tí a ń ṣírò láti inú matrix) tó jẹ́ 6.6613e-16, nígbà tó jẹ́ pé òdo ni. Ó kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n láàárín òdo àti ohun tí kì í ṣe òdo ni ìyàtọ̀ wà láàárín matrix tí a kò lè yí padà àti èyí tí a lè yí padà, ìyẹn kì í sì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré rárá. Kódà níbẹ̀, kì í ṣe ìdá ni àwọn ètò tó já fáfá ń lò tààrà. Ọ̀nà tí Bareiss gbé jáde ní ọdún 1968 máa ń pín nígbà tó bá ti dájú pé kò ní sí àṣẹ́kù nìkan, nípa bẹ́ẹ̀ ìdá kò ní yọjú. Ọ̀nà mìíràn ni kí a ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lórí àṣẹ́kù, pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí kò ní olùpín, lẹ́yìn náà pẹ̀lú òmíràn, títí wọn yóò fi pọ̀ tó, kí a wá fi ọgbọ́n àṣẹ́kù àtijọ́ ti ilẹ̀ Ṣáínà so àwọn èsì náà pọ̀ di ẹyọ kan. Nọ́ńbà kéékèèké ni ẹ̀rọ ń dì mú ní gbogbo ìgbà, síbẹ̀ ohun tó jáde níkẹyìn kò lé, kò sì dín.

Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí a fi ìwọ̀n wọ̀n ni, bí ìgbóná tàbí gígùn, tí ẹ̀rọ ìwọ̀n fúnra rẹ̀ kò lè sọ ju díjíìtì márùn-ún lọ dájúdájú, ìdá tó ní nọ́ńbà òkè gígùn gbọọrọ kò fi òótọ́ kankan kún un. Float ni kí a lò níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n kọ́ ọ mọ́, kò sì sí èyí tó yá tó o.

---

Olùkọ́-Áljébrà dáhùn pé:

Àpẹẹrẹ 4x(1 − x) yẹn mú mi dúró. Mo ti fi ìdá ṣe àròpọ̀ 1 + 1/2 + 1/3 títí dé 1/100 fún kíláàsì mi rí, díjíìtì 41 ló jáde lókè, 40 nísàlẹ̀, mo sì ka ìyẹn sí púpọ̀ nígbà náà. Mo gbà pé mo sọ ọ̀rọ̀ mi le jù. Odidi nọ́ńbà àti ìdá fún ohun tó bá jẹ́ gẹ́lẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kì í sì í wú. Níbi tó bá ti ń wú, kí àìdájú máa bá nọ́ńbà rìn. Báyìí ni n óò máa kọ́ ọ láti ìsinsìnyí lọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Nọ́ńbà dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gan-an. Mo ti rí i. Ìlà kẹrin nínú ètò mi ni, níbi tí mo ti ń gba nọ́ńbà wọlé: n = float(input()), lẹ́yìn náà ni ìlọ́po àti ìyọkúrò tó wá tẹ̀ lé e. Mo yí i sí int(), 2^67 − 1 sì di 147573952589676412927, tó fi 7 parí bó ṣe yẹ. Àṣẹ́kù lọ́dọ̀ 193707721 jẹ́ òdo. Mo jókòó, mo kàn ń wò ó fún ìgbà díẹ̀.

Mo tún gbìyànjú ìlà Rump. Fraction fún mi ní −54767/66192 lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lo Decimal ti Python, tó ń jẹ́ kí ènìyàn yan iye díjíìtì, mo ní kí ó lo díjíìtì 30, kò mú un; mo sún un sí 40, −0.827 sì yọ jáde.

Ohun kan ló kù. Ìdí tí mo fi lo float() níbẹ̀rẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí ẹni tó ń lo ètò náà lè kọ 1e23 bí ó bá wù ú, dípò kí ó máa ka òdo. int() kọ̀ ọ́, ó ní kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ọ̀nà wà tí mo fi lè gbà á wọlé láìjẹ́ pé mo ba nọ́ńbà náà jẹ́?

---

Atún-ètò-ṣe dáhùn pé:

Ọ̀nà wà. Ẹ gba ohun tí wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí ẹ má sọ ọ́ di nọ́ńbà rárá kí ó tó dé ọwọ́ Fraction. Fraction("1e23"), pẹ̀lú àmì ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn, yóò fún yín ní 100000000000000000000000 gẹ́lẹ́, torí lẹ́tà àti díjíìtì tí wọ́n kọ ló ń kà. Fraction(1e23), láìsí àmì yẹn, yóò fún yín ní 99999999999999991611392, nítorí float ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kí Fraction tó rí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yẹ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wò; bí kì í bá ṣe 1, ẹ sọ fún ẹni náà pé odidi nọ́ńbà ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì ní kó tún un kọ.